Mo Tẹ̀lé Ojú Ìyá Àgbà Dé Sánsíbà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí léèrè láti ìgbà tí mo ti dé, nídìí ẹ̀rọ omi, níwájú mọ́ṣáláṣí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi dúró ní Ìyànà Ìyẹsí lọ́jọ́sí pé àfi kí n ròyìn, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe ìgbéraga ló ń ṣe mí. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Bí èèyàn méjì bá ń wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé mi ò pọ̀, kíláàsì kejì ní girama ni mo ti kúrò, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu mi ò lè sọ, ọwọ́ mi lè kọ ọ́. Ẹ gbà á báyìí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Ráfátù ni orúkọ mi, ọmọ ọmọ Ìyá Alápò ti Ojú Ore. Àpò òfìfo ni Ìyá Àgbà, ìyá ìyá mi, ń rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ní Sàǹgó: àpò ìyẹ̀fun, àpò ṣúgà, àpò oúnjẹ adìẹ. A máa gbọ̀n ọ́n, a máa fọ̀ ọ́, a máa fi abẹ́rẹ́ gígùn rán ibi tó ya, àwọn àgbẹ̀ á sì wá láti Adó-Odò wá rà á fún gààrí àti àgbàdo. Iṣẹ́ tí ó fi tọ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ náà ló sì gbé mi dé etí òkun kejì.

Àdéhùn

Àǹtí Bímpé ló fà á. Fíìmù ló ń yà. Kì í ṣe irú èyí tí ìyàwó àti ìyá ọkọ ti ń jà o. Ó ní èèyàn gidi lòun ń yà, nídìí iṣẹ́ gidi. Ó ń lọ sí Ìdìrókò lọ́jọ́ kan ló rí Ìyá Àgbà níwájú ilé wa, ló bá pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó tó oṣù méjì tó fi ń bẹ̀ wá kí Ìyá Àgbà tó gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa yà á, Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, àpò ìyẹ̀fun lórí itan, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó fa etí àpò náà bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ní ẹsẹ̀ òun kò ṣeé fi han àlejò.

Àǹtí Bímpé ní, "Ìyá, ẹ kàn máa rán àpò yín lọ. Ẹ má wo kámẹ́rà rárá. Ẹ ṣe bíi pé kò sẹ́nì kankan níbí."

Ìyá Àgbà ní, "Ta ló máa wò mí nínú ẹ̀rọ yìí?"

"Èèyàn púpọ̀, Ìyá. Èèyàn káàkiri ayé."

"Wọ́n á jókòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, wọ́n á jókòó."

"Èèyàn á jókòó kalẹ̀ máa wò mí, kí n má kí wọn? Bímpé, ṣé ọ́n sọ fún ẹ pé wọn ò kọ́ mi nílé ni?"

Àǹtí Bímpé rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, kí Ìyá kí wọn. Ó wá gbọ́wọ́ sókè kí gbogbo wa lè dákẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé pátákó funfun kan dání, kí ó lè máa da ìmọ́lẹ̀ oòrùn sójú Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbójú sókè, ó wo inú kámẹ́rà gan-an, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi."

Ó wá ń dúró. Kò sẹ́ni tó fọhùn, torí ọwọ́ Àǹtí Bímpé ṣì wà lókè. Ìyá Àgbà ò gbójú kúrò. Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìn ilé. Ó ṣì ń dúró. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá." Ó mi orí, ó ní, "Ẹn-ẹ́n. A dúpẹ́ o. Ẹ jẹ́ n máa báṣẹ́ mi lọ." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán àpò.

Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí Bímpé ń tún un ṣe, ó yọ ohùn tèmi kúrò. Ó ní kí n má bínú, ó ń dún bí ẹ̀fọn tó kó sínú ẹ̀rọ. Mi ò bínú. Òótọ́ ni.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló sáré wá pé wọ́n ti mú fíìmù wa fún àjọ̀dún fíìmù àgbáyé kan ní Sánsíbà, erékùṣù kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, nínú òkun Tànsáníà. Inú gbogbo wa dùn. Ìyá Àgbà nìkan ló ń rán àpò rẹ̀ lọ.

"Ta ló máa bá mi lọ?"

"Ìyá, fíìmù ló ń lọ. Ẹ̀yin ò lọ ibì kankan."

"Ojú mi ńkọ́? Àbí ojú ẹlòmíì ló wà nínú ẹ̀? Mo máa kí wọn níbẹ̀, àbí mi ò ní kí wọn?"

"Ẹ máa kí wọn, Ìyá."

"Wọ́n gbọ́ Yorùbá?"

"Wọn ò gbọ́, Ìyá."

Ìyá Àgbà gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. "Bímpé, nínú gbogbo ohun tó ń pe èèyàn láyé yìí, òkú nìkan la kì í dá lóhùn. Bí mo bá kí odidi ìlú, tí ọ́n sì pa kẹ́kẹ́ wò mí, ẹ ti sin mí láàyè nìyẹn. Ọmọ mi kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀." Ó wá fi abẹ́rẹ́ júwe mi. "Ráfá ló dáhùn níbí, Ráfá náà ló máa dáhùn lọ́hùn-ún. Kó dáhùn sókè. Bí kò bá lọ, pa fíìmù ẹ dé."

Kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwàdà kọ́ ló ń ṣe. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹni bá ti dé ọjọ́ orí yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ òkú ṣeré.

Bí wọ́n ṣe gba ìwé ìrìnnà mi, ẹ má bi mí. Àǹtí Bímpé àti àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún ló mọ̀ ọ́n. Ẹrù tèmi kò ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá." Mo ń gbé e lọ bí ẹni gbé ẹyin.

Ìlú tó ń ta sánsán

Mi ò ní sọ̀rọ̀ bàálù. Ẹ̀rù bà mí, mo dijú, mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, a dé.

Ní Sàǹgó, bí wọ́n bá di ojú mi, imú mi á sọ ibi tí mo wà fún mi: èéfín irin níbí, oúnjẹ adìẹ lọ́hùn-ún, rọ́bà gbígbóná níwájú. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú tó bá níṣẹ́ ṣe ń rí. Sánsíbà ní tirẹ̀ ń ta sánsán. Kànáfùrù ni. Wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń tà á, wọ́n ń dì í sínú àpò ní èbúté, gbogbo afẹ́fẹ́ sì ti mu ún yó. Níbi tí àwọn àlejò yòókù ti ń ya fọ́tò òkun, ẹnu àpò kànáfùrù ni èmi ń wò. Ìránpọ̀ wọn ò burú. Ó kàn jìnnà síra díẹ̀.

Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ìlú àtijọ́ náà, ilé lé ilé, wọ́n sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró. Bí ẹni méjì tó gbẹ́rù bá pàdé, ọ̀kan á fara ti ògiri kí ìkejì kọjá, wọ́n á sì kí ara wọn kí wọ́n tó kọjá. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn wọn lohun tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n gbẹ́ òdòdó àti ẹ̀wọ̀n sí i lára, wọ́n kan irin idẹ ṣóńṣó mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù ọmọdé.

Nídìí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú wa lọ, nílé ibi tí a máa wọ̀ sí. "Hódì!" ni ẹni tó mú wa lọ kígbe. Àgò tiwa náà ni. Àgbàlagbà obìnrin kan ṣílẹ̀kùn. Bi Zúhúrà lorúkọ rẹ̀. "Bi" yẹn dà bí ìgbà tí àwa bá ní "Ìyá". Kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí Ìyá Àgbà lọ́jọ́ orí. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe? Mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, orúnkún méjèèjì, lórí òkúta.

Bi Zúhúrà pariwo. Ó wo ilẹ̀ yí mi ká, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀. "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ?" ó bi mí lédè òyìnbó tó fọ́ bíi tèmi. "Ṣé yẹtí ni? Ṣé òrùka ni?"

Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè ṣàlàyé. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá a. Àwa méjèèjì ń wá ohun tí kò sọnù. Àǹtí Bímpé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín da ẹrù orí rẹ̀ nù kó tó rí ẹnu sọ pé ìkíni ni.

Bi Zúhúrà gbé mi dìde, ó gbọn eruku orúnkún mi. "Pólè," ó ní, "pólè." Ẹ gbọ́ o, pẹ̀lẹ́ tiwa ni! Bí èèyàn bá sì ń sáré jù, wọ́n á ní "pólè-pólè", ìyẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo wo Àǹtí Bímpé, ó wò mí. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀.

Ẹnu ni wọ́n fi ń kúnlẹ̀

Wọn kì í kúnlẹ̀ fún èèyàn níbẹ̀. Bi Zúhúrà ní Ọlọ́run nìkan làwọn ń kúnlẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé wọn ò mọyì àgbà. Bí ọmọdé bá pàdé àgbà, á ní, "Ṣíkámóò." Àgbà á dáhùn pé, "Màráhábà." Bi Zúhúrà ní ìtumọ̀ ṣíkámóò ni pé "mo di ẹsẹ̀ yín mú."

Mo jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní àárọ̀ lórí pèpéle òkúta tó wà níwájú ilé, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń gbafẹ́. Mo ń gbọ́ ọ bí àwọn èèyàn ṣe ń kọjá: ṣíkámóò, màráhábà, ṣíkámóò, màráhábà. Bàbá arúgbó kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, àwọn ọmọ ilé kéwú mẹ́fà kí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan láì sọ̀ kalẹ̀. Mi ò rí ìkíni kan tó bọ́ sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọkàn Ìyá Àgbà á balẹ̀ níbí.

Oúnjẹ wọn dùn, mi ò ní parọ́. Ìrẹsì tí wọ́n fi kànáfùrù àti ẹran sè. Ẹ̀wà inú omi àgbọn. Ọbẹ̀ kíkan aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n da ohun gbogbo sí, títí kan ànàmọ́ àti ẹyin, tí o ò ní mọ̀ bóyá kó o mu ún ni àbí kó o jẹ ẹ́. Àmọ́ ata! Ata ò sí. Lọ́jọ́ kejì, Bi Zúhúrà din nǹkan kan, òórùn rẹ̀ gba inú ilé jáde, mo dìde láìmọ̀. Àkàrà ni. Àkàrà ẹ̀wà gidi. Wọ́n ní bájíà ni. Mo mú ata gígún tí mo dì wá láti Ojú Ore, mo wọ́n ọn sí tèmi.

"Kí nìyẹn?" Bi Zúhúrà ní.

"Ata ilé wa ni, Bi. Ẹ má fẹnu kàn án."

Ó fẹnu kàn án. Ó wo òrùlé, ó wo ilẹ̀, ó mu omi ìkòkò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ráfátù, ìwọ tí ohùn rẹ ò ju ti ológbò lọ, ohun tó o ń jẹ nìyí?"

Wọ́n mú wa lọ síbì kan níbẹ̀ tí mi ò lè gbójú fò. Inú ilẹ̀ ni, yàrá kúkúrú tí èèyàn ò lè nàró nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú pamọ́ sí láyé àtijọ́ kí wọ́n tó tà wọ́n. Ẹni tó bá ti dé Àgbádárìgì á mọ irú ibẹ̀. Ẹni tó ń mú wa kiri ní wọ́n ń tò wọ́n bí ẹrù. Mo ń rò ó pé nínú gbogbo ẹni tó wọlé síbẹ̀, kò ní sí ẹnì kan tó sọ pé ẹ kú ìjókòó. Mi ò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ìfihàn àkọ́kọ́, ní ọ̀sán

Ìgbà méjì ni wọ́n máa fi fíìmù wa hàn. Àkọ́kọ́ jẹ́ ní ọ̀sán, nínú gbọ̀ngàn kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù bí inú fìríìjì. Àwọn tó wá jẹ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù láti ìlú púpọ̀, wọ́n gbé káàdì kọ́ ọrùn, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Bi Zúhúrà ò wá. Ó ní láti ọdún tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún náà, òun ò wọ ibẹ̀ rí, ti àwọn àlejò ni.

Iná kú. Ìyá Àgbà jáde. Ẹ wò ó, ojú tí mo ń rí lójoojúmọ́, ó tóbi tó ògiri ilé! Gbogbo ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, gbogbo ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ irun iwájú rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi."

Ó ń dúró. Mo la ẹnu. Ọkùnrin tó jókòó níwájú mi ní ọrùn gígùn, mo ń wo ọrùn náà. Mo ní bí mo bá kígbe, ọrùn yẹn á yí padà, gbogbo ọrùn á yí padà. Ewúrẹ́ ké. Ó ṣì ń dúró. Mo pa ẹnu dé. Ìyá Àgbà wá mi orí sí òfìfo, ó ní, "Ẹn-ẹ́n. A dúpẹ́ o." Àwọn kan rẹ́rìn-ín kékeré, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín arúgbó tó ń dá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rín ìkà kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára bí abẹ́rẹ́ àpò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ níkẹyìn, wọ́n bọ Àǹtí Bímpé lọ́wọ́. Èmi ti wà níta.

Àǹtí Bímpé bá mi níbẹ̀, ó ní, "Ráfá, èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo yọ ohùn ẹ."

"Rárá, Àǹtí. Ìyá ní kí n dáhùn."

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan ọ̀hún ni mò ń bẹ̀rù."

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà pè mí lórí fóònù aládùúgbò wa.

"Ráfá! Ọ́n ti gbé mi jáde?"

"Wọ́n ti gbé yín jáde, Ìyá."

"Mo kí wọn?"

"Ẹ kí wọn."

"Ọ́n dáhùn?"

Mo gbé fóònù jìnnà sẹ́nu. "Ìyá, ẹ̀ ń já! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa! Mi ò gbọ́ yín!" Mo sì pa á. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí ẹni tó jókòó tì mí.

Ìránpọ̀ alápò

Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní aṣọ kan tí wọ́n ń ró tí wọ́n sì ń bò lórí. Káńgà ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe èyí tí a ń fa omi nínú rẹ̀ o. Méjì ló máa ń so pọ̀ láti ọjà, èèyàn á gé e, á sì ṣẹ́ etí rẹ̀ rán. Lọ́jọ́ kejì tí ojú tì mí, Bi Zúhúrà gbé tuntun kan jáde sórí pèpéle láti rán an, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ara mi máa ń balẹ̀.

Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ rẹ fi ń padà sẹ́yìn?"

Mo ní bí Ìyá Àgbà ṣe kọ́ mi nìyẹn, pé ìránpọ̀ tó bá ń lọ síwájú nìkan máa tú lórí àgbẹ̀ lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo pa. Níbi tí òyìnbó mi bá ti tán, mo fọwọ́ ṣe é. Níbi tí ọwọ́ bá ti tán, a lo ọ̀rọ̀ kéwú tí àwa méjèèjì mọ̀: wákàtí, fìtínà, alùbáríkà.

Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, Bi Zúhúrà ò rẹ́rìn-ín.

"Ó kí wọn, wọ́n sì dákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bi."

"Níbí? Ní ìlú wa?"

"Àlejò ni wọ́n, Bi. Wọn ò mọ̀."

"Àwọn jẹ́ àlejò, èmi onílé ńkọ́?" Ó na ọwọ́ gba káńgà rẹ̀, ó wo etí tí mo ti rán, ó fà á wò, kò tú. "Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Màgáríbì, àbí? Máa bá iṣẹ́ lọ. Òun ni mo máa wọ̀."

Inú odi

Odi àtijọ́ kan wà létí òkun tí wọ́n fi ń ja ogun nígbà kan rí. Ògiri rẹ̀ nípọn, ojú ọ̀run ni òrùlé rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti fi fíìmù wa hàn lẹ́ẹ̀kejì, àwọn òǹwòran jókòó sórí àga òkúta tó ń ga sẹ́yìn bí àtẹ̀gùn. Èèyàn pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn ọmọ ìlú náà sì pọ̀ níbẹ̀. Bi Zúhúrà wọlé pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì láti àdúgbò rẹ̀, káńgà tuntun lórí, ó ń wò yíká bí ẹni tó wá wo ilé tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ rà. Ó jókòó tì mí. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọwọ́ rẹ tutù."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bi."

"Pólè."

Fíìmù ẹlòmíì kọ́kọ́ kọjá, mi ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ògiri odi mọ́lẹ̀, Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀ láàárín Sánsíbà, àpò lórí itan, ẹsẹ̀ lábẹ́ àpò.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi."

Bí mo ṣe ṣe é, mi ò mọ̀. Mo kàn rí i pé orúnkún mi ti wà lórí òkúta, láàárín àga àti àga, bí mo ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún un ní àárọ̀. Nígbà tí mo sì ti wà níbẹ̀, kò sí ọrùn ẹnikẹ́ni lójú mi mọ́. Òun nìkan ni mo ń wò.

"Ẹ KÚ IṢẸ́ O, ÌYÁ!"

Ògiri gbà á, ó jù ú padà. Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ìtìjú tó dé, Bi Zúhúrà ti kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ṣíkámóò, Bíbí!" Bíbí ni ìyá àgbà lédè wọn. Àwọn obìnrin méjì náà tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn: "Ṣíkámóò, Bíbí!" Àwọn ọ̀dọ́, àwọn ọmọdé lórí itan, ó ń gba orí àga òkúta náà lọ bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù. Ewúrẹ́ Ojú Ore ké láàárín wọn.

Ìyá Àgbà sì ń dúró. Ó dúró títí ohùn tó kẹ́yìn fi dákẹ́. Ó wá mi orí.

"Ẹn-ẹ́n. A dúpẹ́ o. Ẹ jẹ́ n máa báṣẹ́ mi lọ."

Ẹ ò ní gba irú ariwo tó sọ níbẹ̀ gbọ́! Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fò dìde, bíi pé arúgbó náà wà níbẹ̀ tó sì gbọ́ wọn. Mo rí Àǹtí Bímpé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Bi Zúhúrà bẹ̀rẹ̀ sí mi létí, nítorí mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ráfátù," ó ní, "ṣé o ti wá rí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Fún àwọn tó ń bi mí: wọn ò fún wa ní ẹ̀bùn kankan. Àwọn ẹlòmíì ló gbà á, ó sì tọ́ sí wọn.

Ilé

Ọ̀sán ni mo dé Ojú Ore. Èéfín irin, oúnjẹ adìẹ, rọ́bà gbígbóná. Imú mi dúpẹ́. Ìyá Àgbà wà níwájú ilé lórí àpótí. Mo kúnlẹ̀. Òun kò bi mí pé kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo fi ọ̀kan nínú káńgà méjì tí mo rán, èyí tí Bi Zúhúrà fi ránṣẹ́ sí i, lé e lọ́wọ́. Ó yí etí rẹ̀ wò kó tó wo àwọ̀ rẹ̀. "Ìwọ lo rán an," ó ní. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa ńkọ́?"

"Mi ò dáhùn lọ́jọ́ yẹn, Ìyá. Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n dákẹ́."

"Mo mọ̀. O ní o ò gbọ́ mi, o sì ń dá mi lóhùn lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́?"

"Mo dáhùn."

"Sókè?"

"Àǹtí Bímpé ní àwọn tó wà lẹ́yìn odi gbọ́."

"Àwọn onílé ńkọ́?"

"Gbogbo wọn dáhùn, Ìyá. Tọmọdé tàgbà. Wọ́n ní àwọn di ẹsẹ̀ yín mú."

Ìyá Àgbà wo ilẹ̀, níbi tó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ abẹ́ àpótí, ìyẹ̀fun àti eruku láàárín ìka, gìgísẹ̀ tó ti sán.

"Ẹsẹ̀ mi yìí?"

"Òun náà, Ìyá."

Ó bọ́ sálúbàtà. Ó ní kí n bu omi wá. Kò tíì tó àkókò ìrun. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fọ ti òsì, ó fọ àárín ìka kọ̀ọ̀kan, ó fi etí ìró rẹ̀ nù wọ́n. Nígbà tó mú abẹ́rẹ́, kò kó wọn sábẹ́ àpótí mọ́. Ó nà wọ́n síwájú, sínú oòrùn, níbi tí ẹni tó bá ń kọjá lè rí wọn.